Aniello Olùtọ́jú Òjìjí àti Àwọn Àpò Òfìfo

"Donna Ersilia, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ìwà ọmọlúàbí ọkùnrin kan ló ba iṣẹ́ ọdún méjì jẹ́ nílé yìí?"

Ọmọbìnrin kan tó wá láti Bari láti kọ́ iṣẹ́ ìwádìí ló bi mí bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo ń fọ ìgò lọ́wọ́ nílé ìwádìí wa. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìgò tó kù nílẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, ìbéèrè náà sì ju ohun tí ènìyàn ń fi ìdajì ọkàn dáhùn lọ. Nísinsìnyí tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo lè dáhùn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìwà ọmọlúàbí nìkan kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ pàdé ìgbéraga lójú ọ̀nà, kí àwọn méjèèjì sì kí ara wọn tẹ̀ríntẹ̀yẹ, kí iṣẹ́ ọdún méjì tó lè bàjẹ́ tán.

Ọkùnrin tí à ń wí ni Aniello Costagliola. Apẹja ni, ọmọ apẹja, láti erékùṣù Procida. Nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbá a mọ́ ògiri èbúté, orúnkún rẹ̀ òsì sì fọ́. Láti ọjọ́ náà ni òkun ti di ohun tó ń jókòó wò láti orí òkúta. Ọdún méjì ló fi wà bẹ́ẹ̀, tí Restituta ìyàwó rẹ̀ ń tún àwọ̀n àwọn ẹlòmíràn ṣe kí wọ́n tó rí ẹ̀wà jẹ. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwádìí wa, tó wà létí omi ní ìhà Pozzuoli, ń wá ẹni tó lè mú kí òjìjí wà láàyè nínú táńkì. Wọ́n gba Aniello. Ó ra fìlà tuntun nítorí iṣẹ́ náà.

Òjìjí inú òkun wa pẹlẹbẹ bí àwo oúnjẹ tí wọ́n so ìrù mọ́. Abẹ́ iyanrìn ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ni yóò mọ̀. Àpò mànàmáná méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, wọ́n sì lè gbọn apá ọkùnrin títí dé èjìká.

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń wá lára rẹ̀ nìyí. Nínú ọpọlọ òjìjí, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n pàṣẹ fún àpò méjèèjì yìí. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti inú ọpọlọ títí dé inú àpò náà. Àṣẹ ń sáré gba inú okùn kọjá, ṣùgbọ́n bó bá dé ìpẹ̀kun, àlàfo kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò lè fò. Ìránṣẹ́ ni yóò bá a sọdá. Èròjà kan ni ìránṣẹ́ ọ̀hún. Irú rẹ̀ gan-an ló ń sọ fún apá wa pé kó gbé ṣíbí. Irú rẹ̀ wà nínú ọpọlọ tiwa náà, títí kan ọpọlọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Inú ìwé tí wọ́n ń dà sínú agbọ̀n ìdọ̀tí ni mo ti ka èyí, ọdún mẹ́ta ló sì gbà kó tó yé mi. Òkè ilé búrẹ́dì ni mo ń gbé, nítorí náà bó ṣe yé mi nìyí. Ìpẹ̀kun okùn ni ilé ìdáná wà. Wọ́n ń po èròjà méjì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì di ìránṣẹ́. Wọn kì í da ìránṣẹ́ tó jinná kiri ilẹ̀. Wọ́n ń rọ ọ́ sínú àwọn àpò róbótó tó kéré débi pé ẹ̀rọ awò tó tóbi bí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń rí wọn, wọ́n á sì tò wọ́n sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí alábúrẹ́dì ṣe ń to apẹ̀rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀. Bí àṣẹ bá dé láti ọpọlọ, àwọn àpò iwájú á lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹnu wọn á là síta, ìránṣẹ́ á tú jáde, á sọdá, á kan ilẹ̀kùn ẹni tó wà ní òdìkejì. Kí kíkàn náà má bàa di ariwo tí kò lópin, ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú àlàfo tó ń ṣẹ́ ìránṣẹ́ sí méjì lójú ẹsẹ̀. Ilé ìdáná á ṣa ìdajì kan padà, wọ́n á tún fi se òmíràn. Àmọ́ bí wọ́n bá ń kan fèrèsé láìsinmi, apẹ̀rẹ̀ yóò ṣófo kí alásè tó ráyè mí.

Lọ́dún 1964, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gualdoni dé láti Torino láti wá jẹ́ ọ̀gá wa. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn àlejò láti ọ́fíìsì ìjọba wà níbẹ̀. Ó fẹ́ fi hàn wọ́n pé kò sí ohun ìbẹ̀rù nínú ẹja. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó sì gba òjìjí lọ́wọ́ Aniello láìwọ ìbọ̀wọ́. Ohun tó ké ni "Ìyá mi o!" Awò ojú rẹ̀ bọ́ sínú táńkì, ọ̀gbẹ́ni ìjọba kan sì fi ìwé bojú kí wọ́n má bàa rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìtìjú náà pa Aniello ju bó ṣe pa Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ní etí òkun wa, bí o bá fẹ́ gbé òjìjí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa iná inú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e fúnni láìpaná, bí ẹni tó na ojú ọ̀bẹ sí àlejò ni. Ìdílé méjì wà ní Procida tí wọn kò kí ara wọn láti ayé bàbá àgbà wọn nítorí òjìjí kan ṣoṣo. Aniello ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ ìjọba lẹja náà ń lọ, pé òfin etí òkun kò dé ibẹ̀. Ó pinnu pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń mú ṣíbí onígi tó lómi lára, tó ń fi tẹ ẹ̀yìn ẹja, ogójì ìgbà, nítorí ogójì ni bàbá rẹ̀ náà ń kà. Bí ẹja bá ta á, á dúró díẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá fi ọwọ́ lásán kàn án tí kò sí nǹkan kan, á fi aṣọ tútù wé e, á gbé e gòkè.

"Ó ti rọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ọ̀jọ̀gbọ́n á gbé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, á wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí ká. "Ẹ ò rí i? Ẹranko mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ó gbà gbọ́ pé àwọn ẹja náà ti dá òun mọ̀. Kò sí ẹni tó jiyàn. Owó oṣù gbogbo wa, ìwé tó ń buwọ́ lù ló ń gbà kọjá.

Dókítà Iole Marchegiani ló ń wọn ohun tó wà nínú àwọn àpò kéékèèké náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìbọ̀wọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ dé, ọjọ́ lọ, ohun kan náà ló ń rí: àwọn àpò wà, ìránṣẹ́ inú wọn kò tó nǹkan. Òun á sọ pé bóyá àṣìṣe wà níbìkan. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n ti rí ọ̀nà òkìkí. Ó kéde pé àwọn àpò náà kò wúlò, pé kò sí ìpamọ́ kankan, pé gbogbo àwọn tó ti ń sọ nípa àpò láti ọdún mẹ́wàá ń lá àlá ni. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Roma, ó gbé e lọ sí Vienna. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó dé ilé búrẹ́dì lọ́sàn-án gangan, tó bá apẹ̀rẹ̀ ní òfìfo, tó sì lọ kéde fún ayé pé alábúrẹ́dì kì í lo apẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ irú ọ̀mọ̀wé tó jẹ́.

Ọjọ́ kan péré ni nǹkan yàtọ̀. Ibà dá Aniello dúbúlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún kejì, Restituta ló sì gbé ẹja wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti rìnrìn àjò. Lọ́jọ́ náà, Dókítà Iole wọn ìránṣẹ́ nínú àwọn àpò, ó rí i pé wọ́n kún dẹ́nu. Ó tún un wọ̀n. Wọ́n kún.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n dé, ó fi kálámù pupa fa igi gbọọrọ la ojú ewé náà kọjá.

"Ta ló gbé ẹja yìí wá?"

"Ìyàwó Don Aniello ni, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìdọ̀tí ilé ìdáná obìnrin yẹn lo wọ̀n. Yọ ọ́ kúrò."

Ó yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ kò ya ewé náà. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mo ń da agbọ̀n ìdọ̀tí nù, n kò sì bá a níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà dé láti ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan níbẹ̀ ti wo àpò òjìjí tiwọn, wọ́n sì bá wọn ní kíkún. Wọ́n kọ̀wé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní: ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ máa ń ṣe sí ẹja yín? Ọ̀jọ̀gbọ́n kò dáhùn ìbéèrè náà. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ̀ kalẹ̀ síbi táńkì, ìdajì wa sì tẹ̀ lé e.

"Aniello, ẹja rẹ ò dáa. Ebi ń pa wọ́n ni àbí wọ́n ti darúgbó, mi ò mọ̀. Bí oṣù yìí bá parí, ilẹ̀ Faransé ni a ó ti máa ra tiwa, wọn ó sì rán olùtọ́jú wọn mọ́ ọn. O lè máa wá nǹkan míì ṣe."

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló kù kí oṣù parí. Aniello ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, orúnkún kan ló ní, kò sì sí ọkọ̀ ojú omi tó máa gbà á. Ó dìde láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìpinnu láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ra sàdínì tútù fún àwọn ẹja náà nínú owó ara rẹ̀. Nígbà tó sì rò ó pé bóyá wọn kò tíì níwà tó, ó sọ ogójì di ọgọ́rin.

Àwọn àpò tí kò ní nǹkan púpọ̀ wá di èyí tí kò ní nǹkan kan. "Ẹ ò rí i bí?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Dókítà Iole mú ewé tó ní igi pupa lára, tó ní kí n mú òun lọ sílé Aniello. Ilé ìdáná la bá Restituta, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ tó fi ń wé ẹja.

"Donna Restituta, ẹ jọ̀ọ́, ẹja tí ẹ gbé wá nígbà tí ibà ń ṣe Don Aniello, kí lẹ ṣe sí i?"

"Èmi? Wọ́n tún ní mo ti ba kiní kan jẹ́?"

"Rárá o. Nínú ẹja ọgọ́fà, òun nìkan ló pé."

"Ṣé ẹ rí i! Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ rò ó dáadáa, mà."

"Ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ rò? Mo ki garawa bọ táńkì, mo gun àtẹ̀gùn yín tí kò lópin, mo yí i dà sórí tábìlì. Ẹ̀wà mi wà lórí iná nílé. Ta ló ráyè àtilu ẹja?"

Dókítà Iole gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Àtilu kí ni?"

"Ọkọ mi máa ń lù wọ́n kó tó gbé wọn gòkè. Ṣíbí mi ló fi ń lù wọ́n. Ó ní ìwà ọmọlúàbí ni. Ká ní ó fi ìdajì irú ìwà bẹ́ẹ̀ ṣe ìyá mi ni, à bá ti jogún ilé."

Aniello ti dé ẹnu ọ̀nà. Omi ń kán lára aṣọ ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò lù wọ́n," ló wí. "Mò ń tẹ̀ wọ́n ni. Ogójì. Láti ìgbà tí lẹ́tà ti dé, ọgọ́rin."

Dókítà Iole fi ẹ̀wà to ọ̀rọ̀ náà sórí tábìlì fún un. Ó ṣa àwọn kan jọ, ó ní àpò nìwọ̀nyí, wọ́n kún. Ó fi ìka kan tábìlì. Ó mú ẹ̀wà kan kúrò. Ó tún kan án; ó tún mú òmíràn. Nígbà tó kàn án dé ogójì, tábìlì mọ́ féfé.

"Ta ló máa dá a padà?" ni Aniello béèrè.

"Ilé ìdáná inú ẹja náà ni. Bí ẹ bá jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta, ó máa tún se òmíràn."

Aniello wo tábìlì òfìfo náà. "Ó jẹ́ pé ọdún méjì ni mo fi ń gbé apẹ̀rẹ̀ tí kò ní nǹkan nínú fún ọkùnrin yẹn, tí mò ń sọ fún un pé ó ti rọ̀."

"Don Aniello, ẹ jẹ́ kí èmi bá wọn sọ ọ́."

"Rárá, Dókítà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń tọrọ àforíjì."

"Ẹ wò ó," ni Restituta wí, "wọ́n fẹ́ lé e, ó tún fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lé òun dáadáa."

Ó wọ kóòtù tó fi gbéyàwó, ó lọ. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí sílẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ pé púpọ̀ nínú wa ní iṣẹ́ láti ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Èmi ni mò ń pa iná inú ẹja kí n tó gbé e fún yín."

"Ta ló ní kó o pa á?"

Aniello wo bàtà rẹ̀. Kò jẹ́ dárúkọ ọjọ́ tí awò ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ sínú omi. "Àṣà ilé wa ni, sà."

"Ẹja mi ò níná tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń gbé wọn láti ọdún méjì. Wọ́n mọ̀ mí."

"Wọn ò mọ̀ yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò ní sọ ẹni náà. Dókítà Iole wọlé kíá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọn ẹja mẹ́ta tí wọ́n bá nínú àwọ̀n kan náà: ọ̀kan tí wọn ò fọwọ́ kàn, ọ̀kan tí Aniello ṣẹ̀ṣẹ̀ paná rẹ̀, àti ọ̀kan tó paná rẹ̀, tí wọ́n wá jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n ti pọ́n. Ó rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jẹ́ ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa bí èrò bá pọ̀. "Ó dáa! Ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá rí bí apẹja yìí ṣe wí, èmi Gualdoni fúnra mi máa dúró létí táńkì yẹn, màá sì sọ ọ́ lójú gbogbo yín pé, 'Aniello, mo ṣẹ̀ ọ́, forí jì mí.' Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní dúró di ìparí oṣù."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà," ni Aniello wí.

"Mo ti sọ ọ́. Gbèsè ni."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Mo ń fọ ìgò wọn, bí mo sì ṣe ń fọ̀ ọ́ ni mò ń gbọ́. Ẹja tí wọn ò fọwọ́ kàn: kíkún. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ paná rẹ̀: òfìfo. Èyí tó sinmi: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán, bí ilé búrẹ́dì lẹ́yìn ọjọ́ ọdún. Restituta alára wá dúró nínú ọgbà pẹ̀lú garawa, ó ní òun kàn ń kọjá ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ìwé náà lórí ìdúró. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ọkọ̀ ojú irin òun fẹ́ lọ.

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ilẹ̀ Faransé mọ́. Iṣẹ́ Aniello dúró. Nígbà tí ìwé tuntun Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń fura pé ẹja tó ti rẹ̀ kì í sọ òtítọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà Iole nínú lẹ́tà kéékèèké nísàlẹ̀. Ó kọ nípa ṣíbí náà: ó pè é ní "ọ̀pá onígi tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí." Ṣíbí Restituta wọnú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ tó dì í mú kò wọlé pẹ̀lú rẹ̀.

Aniello kò bínú. Ó ń retí. Ìgbàkígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ wá síbi táńkì, á fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, á bọ́ fìlà, á nàró, kí ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ má bàa bá a níbi tí kò yẹ.

"Aniello, ẹja ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n á kọjá.

Bó bá délé, Restituta á bi í: "Ó san án?"

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn."

"Gbólóhùn kan, Aniè! Gbólóhùn kan! Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì ní Vienna."

"Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo kì í yá jáde lẹ́nu."

"Nígbà yẹn jẹ́ kí n bá ọ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Ó máa tú jáde."

Ọdún mọ́kànlá ló kọjá báyìí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe àpèjẹ nínú gbọ̀ngàn ńlá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ojú ọjọ́ etí òkun wa. Aniello dúró lẹ́yìn pátápátá, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán, òun ló kẹ́yìn láti dé fìlà.

Àyà ló pa Aniello, nígbà òtútù ọdún tó tẹ̀ lé e. Dókítà Iole, tó ti di ọ̀gá wa nígbà náà, ló kọ̀wé sí Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Torino. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ọkùnrin kan láti ilé ìtajà òdòdó gbé òdòdó róbótó ńlá kan dé ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ọ̀já tí wọ́n fi wúrà kọ̀wé sí. Restituta kò mọ̀wé kà. Ó ní kí n bá òun kà á.

Mo kà á bó ṣe wà: "Sí Antonio, ọ̀rẹ́ òtítọ́ fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Gualdoni."

"Tún un kà."

Mo tún un kà.

Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ aṣọ dúdú rẹ̀, ó gbé òdòdó náà, ó sì dá a padà sọ́wọ́ ọkùnrin tó gbé e wá, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ohun tí kò fẹ́ kó bàjẹ́.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi wá Antonio yẹn lọ, kí ẹ sọ fún un pé wọ́n ti san tirẹ̀. Tiwa ṣì wà nílẹ̀."